Láti Inú Ìkòkò Aró

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjà Kaneshie ní ìlú Àkrà ni mo ti rí ọmọ alárù kan tí ó já kápúsù oògùn sí méjì, tí ó sì ń wọ́n ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí ń ta àdìrẹ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ké mọ́ ọn, ó ní inú ìkòkò aró ni oògùn egbò ti jáde, ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì fi ń lò ó nígbà tí ọkọ òun ti ogun Bọ́mà dé.

Ọkùnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì kò gbà. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, Fleming ló rí i, lára ohun tó bu.”

“Aró ni mo wí!”

Fleming rí pẹnisilíìnì ní 1928 lóòótọ́, Florey àti Chain sì sọ ọ́ di oògùn ní Oxford. Ṣùgbọ́n ti ìyá aláró ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Gerhard Domagk, ará Jámánì, tí ó ti fara gbọgbẹ́ nínú ogun 1914, tí ó sì ti rí bí ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun ṣe ń jẹrà títí ikú fi ń gbà wọ́n lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, ni ó fún àwọn eku tó ní àrùn ní aró pupa kan ní 1932. Àwọn tó gbà á yè, àwọn ìyókù kú. Lẹ́yìn náà ni Hildegard ọmọ rẹ̀ ṣubú tòun ti abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́, tí abẹ́rẹ́ wọlé, tí ọwọ́ wú, tí àwọn dókítà sì ní àfi kí àwọn gé e. Baba wo ni yóò gbà? Aró yẹn ló fún ọmọ, apá náà sì yè.

Ní 1935, àwọn onímọ̀ Ilé Ìwádìí Pasteur ní Paris rí i pé ohun funfun kan nínú aró náà ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe pípupa rẹ̀. Ìdílé ohun funfun yìí ni oògùn M&B tí àwọn baba wa mọ̀ ti wá, òun náà sì ni ìyẹ̀fun tí wọ́n ń bù sí ọgbẹ́ ológun nígbà ogun tó bí Ilé Ìwòsàn Ológun 37 ní Àkrà níhìn-ín ní 1941. Fleming fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní 1945 pé ẹni tó bá lo pẹnisilíìnì láìpé ìwọ̀n ń kọ́ kòkòrò àrùn níjà ni. Ta ló tún ń rántí?

Mo bi ọmọ náà léèrè orúkọ oògùn rẹ̀. Ó ní, “Èyí tó pupa.”

Ìyá fi eyín já ìdí píọ̀ wọ́tà kan, ó fa ẹsẹ̀ ọmọ náà sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìyẹ̀fun yẹn kúrò.