Sìmẹ́ńtì Ṣàgámù àti Ọ̀ràn Ìdíje Lọ́jà

Nínú gbogbo ohun tí ilẹ̀ Rẹ́mọ ń tà fún ọmọ aráyé, obì gbàǹja àti sìmẹ́ńtì wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù. Ilẹ̀ kan náà ni méjèèjì ti ń jáde, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń dá iye lé wọn kò bára mu rárá. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí á mú obì ṣáájú. Àwọn olóko obì pọ̀ ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìperu àti Ìsarà. Bí ìyá olóbì kan bá gbówó lé apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, Hausa tí ó fẹ́ kó o lọ sí Òkè Ọya kò ní bá a jà. Yóò kàn rọra kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí ó pàtẹ tẹ̀ lé e. Ohun tí à ń pè ní ìdíje nìyẹn. Kì í ṣe ìlara, kì í sì í ṣe ọ̀tá ṣíṣe. Ààyè tí oníbàárà ní láti yísẹ̀ padà ni.

Sìmẹ́ńtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí òkúta ẹfun bá wà ni a ń kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí WAPCO fi bẹ̀rẹ̀ ní Ewékorò ní 1960, tí ó sì dá ti Ṣàgámù sílẹ̀ ní 1978. Ẹnikẹ́ni lè gbin igi obì, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni yóò dá iléru sìmẹ́ńtì sílẹ̀? Àpò rẹ̀ kan wọn kìlógíráàmù 50, owó ọkọ̀ yóò sì jẹ èrè rẹ̀ tán bí ọ̀nà bá jìn. Nítorí náà, àwọn tí ń ṣe é kì í pọ̀, kálukú ló sì ní agbègbè tí apá rẹ̀ ká.

Kí ni ìjọba wá ṣe sí i? Ní 1975, ní ayé Ọ̀gágun Gowon, Nàìjíríà bẹ sìmẹ́ńtì tí ó tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 20 lọ́wẹ̀ láti òkè òkun, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi ló dúró sójú òkun, tí a ń san owó ìdúró fún wọn. Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí kò jẹ̀bi bí ó bá pinnu láti máa ṣe tirẹ̀ nílé. Ní 2002, ìjọba Ọbásanjọ́ là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé-iṣẹ́ níhìn-ín nìkan ni yóò rí ìwé àṣẹ gbà láti kó sìmẹ́ńtì wọlé. Ìlànà náà so èso, a kò gbọ́dọ̀ purọ́. Obájáná dìde ní Kogí. Ní 2012, a ṣí ti Ibèṣè ní Ògùn yìí kan náà. Nàìjíríà di ẹni tí ń ṣe sìmẹ́ńtì tó ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò, mẹ́ta péré ló gba gbogbo inú ilé: Dangote, BUA, àti Lafarge tí ó jogún Ṣàgámù nígbà tí ó ra Blue Circle ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2001. Dangote nìkan ń tà ju ìdajì lọ.

Ní oṣù Kejì 2024, àpò kan ju ₦10,000 lọ níbòmíràn. Àwọn mínísítà pe àwọn ilé-iṣẹ́ náà jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ ₦30,000: kò tó ra àpò mẹ́rin ní ₦8,000. Lóòótọ́, náírà ti já wálẹ̀, gáàsì àti dísù sì ti gbówó lérí. Síbẹ̀, ibi tí ènìyàn díẹ̀ bá ti lè jókòó sínú yàrá kan kí wọ́n dá iye lé ọjà, a kò lè sọ pé ọjà ló dá a. Yàrá wo ni yóò gba gbogbo olóbì Rẹ́mọ?

Àwọn alágbàtà náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kẹwàá 2023, BUA dín iye tirẹ̀ kù sí ₦3,500 lẹ́nu géètì. Ní 2024, alága rẹ̀, Abdul Samad Rabiu, sọ fún àwọn onípìn-ín pé ₦7,000 sí ₦8,000 ni àwọn alágbàtà ń tà á, nítorí náà àwọn dáwọ́ ẹ̀dínwó náà dúró.

Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì pín ọjà láàrin ara wọn níkọ̀kọ̀. PPC jẹ́wọ́ fún àjọ tí ń ṣọ́ ìdíje. AfriSam gbà láti san owó ìtanràn ní 2011, Lafarge ti ibẹ̀ sì gbà ní 2012. N kò sọ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín o. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni kan wà níbẹ̀ tí ń ṣọ́ wọn. Àwa náà ti ní FCCPC láti inú òfin 2018, ọdún 16 lẹ́yìn tí a ti ìlẹ̀kùn. Lójú tèmi, owó ibodè tí ó mọ níwọ̀n ì bá sàn ju ìlẹ̀kùn títì pa lọ, nítorí bí ẹni tí ó wà nílé bá gbówó lórí jù, àlejò yóò lè yọjú.

Ní oṣù Kejìlá 2024, Holcim kéde pé òun ń ta ìpín òun nínú Lafarge Africa fún Huaxin ti ilẹ̀ Ṣáínà. Ṣàgámù wà nínú ohun tí wọ́n tà, ṣùgbọ́n iye àwọn tí ń bá ara wọn díje kò fi ẹyọ kan lé sí i.