Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Ìsìn Ti Fi Ojú Ilé Ìjọsìn Rí

Ṣé o mọ̀ pé ní Parma, ní àríwá Ítálì, odindi ilé kan wà tí wọ́n kọ́ nítorí ìrìbọmi nìkan? Ọdún 1196 ni Benedetto Antelami bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà. Igun mẹ́jọ ló ní lóde, òkúta mábù pupa rẹ́súrẹ́sú láti Verona ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àṣà ìjọ àtijọ́ ni pé ẹni tí kò tíì ṣèrìbọmi kì í bá àwọn yòókù dé ìdí pẹpẹ, nítorí náà omi ní ilé tirẹ̀. Ọpọ́n òkúta ńlá kan ló wà láàárín ilé náà, wọ́n sì gbẹ́ àyè kékeré sínú ọpọ́n ọ̀hún kí àlùfáà lè dúró síbẹ̀ láìtutù bó ṣe ń ri ènìyàn bọ inú omi yí i ká.

Ọmọ ọwọ́ ló sọ ọpọ́n náà di ohun àwòwò. Nígbà tó di pé ọmọ tuntun ni wọ́n ń ṣe ìsàmì fún, tí omi díẹ̀ lórí sì tó, kí ni wọ́n fẹ́ fi odò àárín ilé ṣe? Ọpọ́n kékeré wà lẹ́bàá ògiri níbẹ̀ fún ìyẹn. Bí Onítẹ̀bọmi wa àti ọmọ ìjọ Áńgílíkà bá jọ wọ ilé yìí, kálukú á rí tirẹ̀, kò ní sí ìjà.

Ṣé o mọ̀ pé nínú kàtídírà náà, iṣẹ́ ọwọ́ Antelami tí àwọn àlejò máa ń yà wò kò sí níbi tí wọ́n ṣe é fún? Ọdún 1178 ló gbẹ́ Jésù tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àgbélébùú sára òkúta. Ara àga ìwàásù ni òkúta yẹn tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ Trent, ìpàdé àgbà ìjọ Kátólíìkì, parí ní 1563. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aṣáájú ìjọ fẹ́ kí ojú ìjọ já sí pẹpẹ gbọnrangandan. Ní 1566 wọ́n tú àga náà palẹ̀. Òkúta náà wá dèrò ara ògiri bí fọ́tò.

Èyí tó dùn mí jù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì San Giovanni, ní Parma kan náà. Correggio ya Màríà tí wọ́n ń dé ládé sára ògiri tó tẹ̀ kọrọdọ lẹ́yìn pẹpẹ. Ní 1587 àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ní ibi tí àwọn ń jókòó kọrin kò gba àwọn mọ́, ni wọ́n bá wó ògiri. Wọ́n kúkú ní kí Cesare Aretusi tún àwòrán náà yà sára ògiri tuntun. Ègé kan tí wọ́n yọ nínú ti àkọ́kọ́ wà ní Galleria Nazionale, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Parma, títí dòní.

Bí o bá fẹ́ mọ bí inú ṣọ́ọ̀ṣì ti rí kí irú wíwó báyìí tó dé, lọ sí Frari ní Venice. Ògiri mábù ọdún 1475 ṣì dúró láàárín gbọ̀ngàn, àga 124 ti àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àárín nìkan ni ìjọ fi ń yọjú rí pẹpẹ.

Ṣé o mọ̀ pé Carlo Borromeo, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Milan, ṣe odindi ìwé ní 1577 nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ní kí pákó wà láàárín àlùfáà àti ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n lu ihò sí i. Ó tún ní kí pákó pín gbọ̀ngàn sí méjì, kí ọkùnrin má rí obìnrin. Ará Sẹ̀lẹ́ tó ń jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìsí pákó á rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1965, Póòpù Paul Kẹfà fi èdè Ítálì ṣe Máàsì ní ìjọ kan ní Róòmù, ó kọjú sí ènìyàn. Pẹpẹ àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, kò ṣeé lọ sẹ́yìn rẹ̀ kí àlùfáà lè kọjú sí ìjọ, ni wọ́n bá gbé tuntun síwájú. Ìdí nìyẹn tí o fi máa ń rí pẹpẹ méjì ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Ítálì: ti ẹ̀yìn fún àwòwò, ti iwájú fún iṣẹ́.

Ti Turin ńkọ́? Ní 2006 ni wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì Santo Volto sí mímọ́ níbẹ̀, ilé tí Mario Botta yàwòrán rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí Fiat ti ń yọ́ irin tẹ́lẹ̀. Wọn ò kọ́ ilé agogo. Òpó gíga tí èéfín ilé iṣẹ́ náà ń gbà jáde ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n fi irin wé e, wọ́n gbé àgbélébùú lé e lórí.