Ẹni iwájú jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn tún jìn sí i: Báwo ni ìmọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn elétò ìdìbò?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, wọ́n fún àwọn olùdìbò Broward County ní ìpínlẹ̀ Florida, Amẹ́ríkà, ní ìwé ìdìbò gbọọrọ kan. Òpó-òpó ni wọ́n to ọ̀rọ̀ sójú rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà bí èèyàn ṣe máa dìbò ló gba òpó apá òsì láti òkè wálẹ̀, ní èdè mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, èdè Sípéènì àti èdè àwọn ará Haiti. Lábẹ́ ìtọ́sọ́nà gígùn yìí, ní igun ìsàlẹ̀, ni wọ́n fi orúkọ àwọn tó ń du ipò sẹ́nétọ̀ sí. Ipò gómìnà wà lókè òpó tó tẹ̀ lé e, níbi tí ojú ti ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó ti ń dìbò láti ogún ọdún kì í ka ìtọ́sọ́nà mọ́. Ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí gómìnà, wọ́n sì ń bá a lọ sápá ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìbò tí Broward dì fún ipò sẹ́nétọ̀ fi nǹkan bíi 25,000 dín sí èyí tí wọ́n dì fún ipò gómìnà. Bẹ́ẹ̀, ìbò 10,033 ni Rick Scott fi borí Bill Nelson fún ipò sẹ́nétọ̀ ní gbogbo Florida, Broward sì ni ọ̀kan lára ibi tí ẹgbẹ́ Nelson ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Kò sẹ́ni tó lè búra pé bébà náà ló gba ipò lọ́wọ́ Nelson. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tò sórí ìlà lọ́jọ́ náà tí wọ́n padà sílé láìmọ̀ pé wọn ò sọ̀rọ̀ lórí ipò kan tó ga.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 2009, ní King County, níbi tí ìlú Seattle wà, àbá òfin kan tí wọ́n ní kí aráàlú dìbò lé lórí bọ́ sábẹ́ ìtọ́sọ́nà lápá òsì. Nǹkan bíi 40,000 olùdìbò ló fò ó. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, ní 2007, EAC, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn rògbòdìyàn ìdìbò Florida ti ọdún 2000, ti tẹ àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò jáde. Nínú àpẹẹrẹ wọn, ìtọ́sọ́nà dá ní òpó tirẹ̀, kò sí ipò kankan lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó di 2019 ni Florida ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ dòfin pé wọn kò gbọdọ̀ fi ipò kankan sábẹ́ ìtọ́sọ́nà mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí ará ẹ̀yìn tó lè kọ́gbọ́n, ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tó jìn, tàbí kí ẹnì kan ké sí i pé kòtò wà níbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ìdìbò ti ṣòro ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ nìyẹn. Alákàrà tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lónìí á tún un ṣe láàárọ̀ ọ̀la. Elétò ìdìbò tó ṣàṣìṣe lónìí lè dúró fún ọdún mẹ́rin kó tó rí àyè àtúnṣe, nígbà yẹn ó lè ti fẹ̀yìn tì. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣètò ìdìbò tirẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ni wọ́n. Ní Nàìjíríà, àwọn àgùnbánirọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jókòó ní ibùdó ìdìbò. Èyí tó ka ìbò ní 2019 ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán tipẹ́ kí 2023 tó dé. Ohun tó fojú rí lọ́jọ́ náà, bí àpótí ṣe pẹ́ kó tó dé àti bí ẹ̀rọ ṣe kọ̀ láti dá ìka arúgbó mọ̀, òun ló gbé e lọ sílé.

Síbẹ̀, ìmọ̀ yìí ti ń rìn tipẹ́. Ìwé ìdìbò tí ìjọba fúnra rẹ̀ tẹ̀, tí olùdìbò ń sàmì sí ní kọ̀rọ̀, Australia ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Victoria àti South Australia, ní 1856. Ní Britain nígbà náà, ojú gbangba lèèyàn ti ń dárúkọ ẹni tó fẹ́, ẹni tó ni ilẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ á sì máa gbọ́. Òfin ọdún 1872 ló fòpin sí i. Ìlú Pontefract ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìdìbò ní kọ̀rọ̀ yan aṣòfin, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Wọ́n fi ìda lẹ àpótí ìbò pa, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe súìtì tẹ ìda náà, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tú u. Àpótí ọ̀hún ṣì wà ní mùsíọ́mù ìlú náà. Ní 1888, àṣà náà dé Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ná an láti Australia débẹ̀.

Lónìí, ọ̀nà ti yá díẹ̀. Ní 1998, àjọ International IDEA, àjọ IFES àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ACE kalẹ̀, àkójọ ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ nípa bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ olùdìbò sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ra ohun èlò àti bí wọ́n ṣe ń ka ìbò. BRIDGE, ètò ẹ̀kọ́ kan tí àjọ elétò ìdìbò Australia wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó sì ń kọ́ wọn nípa fífi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, ti BRIDGE ló sún mọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ jù.

Nílé wa níhìn-ín, àwọn àjọ elétò ìdìbò orílẹ̀-èdè ECOWAS dá ẹgbẹ́ ECONEC sílẹ̀ ní Conakry, olú ìlú Guinea, ní 2008. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ wúlò fún, kó wo Liberia. Ní oṣù Kẹwàá 2017, wọ́n dìbò ààrẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ìdajì ìbò, George Weah àti Joseph Boakai ló kù fún ìpele kejì. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kẹta gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dá ìdìbò ìpele kejì dúró. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, àwọn adájọ́ ní kí ìdìbò máa lọ, ṣùgbọ́n kí àjọ elétò ìdìbò kọ́kọ́ fọ ìwé orúkọ olùdìbò mọ́, kí wọ́n yọ àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àkókò kò sí. ECOWAS rán àwọn onímọ̀ lọ sí Monrovia láti bá wọn ṣe é. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, Weah wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ látọdún 1944 nìyẹn tí ààrẹ tí aráàlú dìbò yàn gbé ìjọba fún ẹlòmíràn tí wọ́n dìbò yàn.

Ohun tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn tún lè dé láàbọ̀. Ní 2014, Namibia di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó fi ẹ̀rọ dìbò jákèjádò ilẹ̀ rẹ̀. Láti India ni wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní India ti sọ pé dandan ni kí ẹ̀rọ ìdìbò máa tẹ bébà jáde, tí olùdìbò á fi rí i pé ẹni tó yàn ni ẹ̀rọ kọ, kí bébà náà tó já sínú àpótí. Òfin ìdìbò Namibia ti ọdún 2014 pàápàá béèrè fún bébà yìí, àmọ́ mínísítà tó fọwọ́ sí i pé kí òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fo apá yẹn. Wọ́n lo ẹ̀rọ láìsí bébà ní 2014 àti 2019, títí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ fi sọ ní oṣù Kejì 2020 pé kò bófin mu. Ẹ̀rọ ti dé láti India, ohun tí àwọn ará India ti fi ẹjọ́ kọ́ nípa rẹ̀ kò bá a dé. Nígbà tí Namibia padà sí bébà fún ìdìbò ààrẹ ní 2024, ìwé ìdìbò tán láwọn ibùdó kan, wọ́n sì ní láti fi ọjọ́ kún ìdìbò.

Ti Nàìjíríà kò jìnnà sí èyí. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 2022, nínú ìdìbò gómìnà Èkìtì àti Ọ̀ṣun, àwọn òṣìṣẹ́ INEC, àjọ elétò ìdìbò ilẹ̀ wa, fi ẹ̀rọ BVAS ya fọ́tò ìwé èsì, ó sì ń wọlé sórí ìkànnì IReV wẹ́rẹ́. Ọkàn gbogbo ayé balẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2023, èsì àwọn aṣòfin ń wọlé, ti ààrẹ kọ̀. Àlàyé tí INEC ṣe nínú ìròyìn rẹ̀ ní 2024 ni pé ìpínlẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń to èsì. Sẹ́nétọ̀ ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, gómìnà ní tirẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà lápapọ̀ ni agbègbè ìdìbò ààrẹ, kò sí ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n so ó mọ́, kọ̀ǹpútà kò sì rí ibi tó máa kó o sí. Ìdìbò gómìnà kò lè tú àṣírí irú àbùkù bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n ṣe é tó. Àwọn alátakò kò gba àlàyé náà, ọ̀pọ̀ aráàlú kò sì gbà á títí dòní. Èmi gbà pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí a gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún kan. Síbẹ̀, ó wà lákọsílẹ̀ báyìí, àjọ ìdìbò ilẹ̀ mìíràn tó bá fẹ́ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ sì ti mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi oníkọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ló ń kọ mí lóminú jù. INEC kọ́ ló ń ṣe é, àjọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Kaduna lo ẹ̀rọ ìdìbò fún tirẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2018, ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó ṣe bẹ́ẹ̀; ó yẹ kí ohun tó kọ́ níbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Àwọn àjọ ìpínlẹ̀ ní ẹgbẹ́ tiwọn, FOSIECON. Ẹgbẹ́ náà lè sọ ọ́ di dandan pé láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdìbò, kí àjọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀: ẹ̀rọ wo ló kọṣẹ́, aago mélòó ni bébà dé, wọ́ọ̀dù wo ni ìwé ìdìbò kò ti tó. Kí wọ́n gbé e sí gbangba, kí ẹ̀dà kan sì dé ọwọ́ ìpínlẹ̀ tí ìdìbò tirẹ̀ kàn.