Ọmọ Tó Ń Hu Eyín Lọ́jà: Ohun Tí A Lè Ṣe, àti Oògùn Tó Yẹ Ká Ṣọ́ra Fún

Admin yín ni o. Mo ṣèlérí pé n ó sọ̀rọ̀ lórí ọmọ tó ń hu eyín, torí ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ lórí gúrúùpù yìí. Fóìsì mẹ́ta ni mo fi ṣe é. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí fún ẹni tí dátà rẹ̀ ò gbé fóìsì, àti fún ẹni tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kó gbọ́ ìparí. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fò ó o. Ọmọ kì í ṣe ti ìyá nìkan.

FÓÌSÌ KÌÍNÍ: IṢẸ́ EYÍN, ÀTI OHUN TÍ KÌ Í ṢE IṢẸ́ EYÍN

Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù nìyí: "Ọmọ mi ti lé lọ́dún kan. Kò jẹ́ kí n tajà mọ́. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, ẹkún ni. Bí mo bá gbé e, yóò máa já ara rẹ̀ gbà. Wọ́n ní eyín ni. Oògùn wo ni kí n rà?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Eyín àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, àwọn méjì iwájú nísàlẹ̀. Ti ẹlòmíì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹlòmíì di ọdún kan, kò sí wàhálà níbẹ̀. Gbogbo eyín ọmọdé jẹ́ 20, ó sì lè di ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kí wọ́n tó pé. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ò fọkàn sí nìyí: àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn, tí a fi ń lọ oúnjẹ, oṣù 13 sí 19 ni àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn máa ń jáde. Orí wọn fẹ̀, ó sì máa ń ni ọmọ lára ju ti iwájú lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ti ń rìn fi tún máa ń sunkún eyín nígbà tí ẹ rò pé ó ti kúrò níbẹ̀.

Ohun tí eyín ń ṣe kò ju báyìí lọ: itọ́ á máa dà, èrìgì á pọ́n, á wú díẹ̀, ọmọ á máa fi gbogbo nǹkan sẹ́nu, oorun rẹ̀ á já, oúnjẹ ò ní wù ú, ara rẹ̀ á sì máa kan. Ara rẹ̀ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kí eyín tó là, àti ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ó parí.

Ara gbígbóná gidi, ìgbẹ́ gbuuru, èébì, gìrì, ìwọ̀nyí kì í ṣe iṣẹ́ eyín. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa máa ń sọ pé eyín ló ń ṣu ọmọ. Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ kó tó wáyé máa ń dínkù bó bá ti ń tó oṣù mẹ́fà. Àkókò yẹn gan-an ló ń rákò, tó ń mú nǹkan nílẹ̀ sẹ́nu, tó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ míì yàtọ̀ sí ọmú. Nítorí náà àìsàn àti eyín jọ wọlé lásìkò kan náà ni, a wá ń fi ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ lé eyín lórí. Nílẹ̀ Ọjà Àárín Gbùngbùn, ní Kasuwar Barci, ní Kawo, ẹ mọ bí ilẹ̀ ọjà ṣe rí. Ọmọ tó mú nǹkan níbẹ̀ sẹ́nu, tó ṣu gbuuru, ṣé eyín la fẹ́ mú?

Bí a bá sọ pé eyín ni, a ò ní gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ewu wà, torí ibà tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò lè máa jẹ ọmọ lára nígbà tí àwa ń dúró de eyín.

FÓÌSÌ KEJÌ: ỌMỌ TÓ LẸ̀ MỌ́ NI BÍ ÀTÈ

Ó dáa. Ká wá sọ ti ìlẹ̀mọ́ni àti ìbínú ọmọ. Eyín ń dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ náà ń bá a jà. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́wàá sí ọdún kan ààbọ̀, ọmọ ti mọ̀ pé ìyá òun lè lọ, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ dájú pé yóò padà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Láti ọdún kan sí mẹ́ta, ó ti mọ ohun tó fẹ́, ẹnu rẹ̀ ò sì tíì lè sọ ọ́. Ó fẹ́ omi, ẹ fún un ní ìyẹ̀fun, ó bá fi ara nalẹ̀. Ẹ wá fi eyín kún un. Kì í ṣe ọmọ burúkú, kì í ṣe pé ẹ bà á jẹ́.

Àwọn ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ nìyí, kò sí èyí tó wọ́n níbẹ̀.

Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ fi ìka pa á ní èrìgì díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹja tàbí ata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mú aṣọ ìnujú kékeré tó mọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́, ẹ fi sínú fíríìjì tàbí kúlà, kí ọmọ máa jẹ ẹ́ lẹ́nu. Kó tutù ni, kó má di yìnyín, torí yìnyín lè bó o lẹ́nu. Ẹ máa nu itọ́ kúrò ní àgbọ̀n àti ọrùn rẹ̀ kó má baà sú. Ẹ fún un ní oúnjẹ rírọ̀ tó ti tutù díẹ̀: ẹ̀kọ, kunu tí ṣúgà ò pọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Èyí tó bá ṣì ń mu ọmú, ẹ máa fún un.

Ẹ má fún un ní ìrèké, kárọ́ọ̀tì líle, tàbí egungun adìẹ pé kó máa fi ha èrìgì. Èyí tó já lè há a lọ́fun. Ìlẹ̀kẹ̀ tàbí okùn tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí eyín, ó lè fún un lọ́rùn, ó sì lè já kó gbé e mì. Ẹ má fi ọtí pa á lẹ́nu, kò báà ṣe ẹyọ kan.

Ti ìlẹ̀mọ́ni: ẹ pọ̀n ọ́n. Òyìnbó ń ra àpò gbọ́mọgbọ́mọ lówó gọbọi, àwa ní ìró àti ọ̀já. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn yín fún ìdajì wákàtí láàárọ̀ kí ọjà tó gbóná, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ẹ ó sì rí ọwọ́ tajà lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ má yọ́ lọ. Mo mọ̀ pé ó rọrùn kéèyàn yọ́ lọ nígbà tí ọmọ bá ń ṣeré. Ṣùgbọ́n bó bá gbójú sókè tí kò rí yín, ohun tó kọ́ ni pé ìyá òun lè pòórá nígbàkigbà, ọjọ́ kejì kò ní tú aṣọ yín sílẹ̀ mọ́. Ẹ wojú rẹ̀, ẹ sọ pé, "Mò ń lọ kó ọjà, màá padà wá." Ẹ lọ, ẹ sì padà lóòótọ́. Á sunkún, ṣùgbọ́n á kọ́ pé ẹ máa ń padà.

Ẹ̀yin tó ń lọ Kánò tàbí Èkó kó ọjà, tí ẹ ń sun ọ̀nà, ẹ fi aṣọ yín kan tó ní òórùn ara yín sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá dé, tó lẹ̀ mọ́ yín lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, ẹ má lé e.

Ti ìbínú: bó bá fi ara nalẹ̀ níwájú kọsitọ́mà, ojú á tì yín, ẹ ó fẹ́ gbá a. Ẹ má gbá a. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ebi ni, oorun ni, oòrùn ni, ìlédìí ni, tàbí eyín. Ẹ gbé e kúrò níbi tó ti lè fi orí gbá nǹkan, ẹ jókòó tì í, ẹ má pariwo. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ti tó: "Mo mọ̀. Ó ń dùn ẹ́. Pẹ̀lẹ́." Bí kò bá sí ohun tó ń ṣe é, tó jẹ́ pé ó fẹ́ bisikíìtì ni, ẹ má fún un láti ra ẹnu rẹ̀ pa. Bí ẹ bá fún un lónìí, ilẹ̀ náà ló máa dùbúlẹ̀ sí lọ́la. Ẹ dúró títí yóò fi rọlẹ̀, ẹ sì gbá a mọ́ra.

Ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ ọ́. Níbi tí a wà yìí, ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá nílé, Hausa lójúde. Kó mọ bó ṣe ń tọ́ka sẹ́nu pé "ó ń dùn mí". Bó bá jẹ́ aládùúgbò tó ń sọ Hausa ló ń bá yín mú un, kí òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí "yana ciwo".

FÓÌSÌ KẸTA: Ọ̀RỌ̀ OÒGÙN

Èyí ló jẹ́ kí n ṣe fóìsì yìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ o.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní orílẹ̀-èdè yìí. Ara wọn gbóná, wọ́n ń bì, wọn ò sì tọ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ABUTH tó wà ní Zaria níbí wà lára ibi tí wọ́n gbé wọn lọ, pẹ̀lú Ìbàdàn àti Èkó. Nígbà tí wọ́n bèèrè ohun tí àwọn ọmọ náà mu, oògùn eyín ni. Orúkọ rẹ̀ ni My Pikin, sírọ́ọ̀pù tí ilé iṣẹ́ Barewa ní Èkó ṣe. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ diethylene glycol ló wọ inú rẹ̀. Irú kẹ́míkà tí wọ́n ń lò nínú ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò ni. Ó máa ń dùn lẹ́nu, ó sì jọ èyí tó yẹ kí wọ́n fi po oògùn, tí í ṣe propylene glycol. Kíndìnrín ló ń bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi kà á tán níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ọmọ 84 ló ti kú. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje, wọ́n sì ní kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe àìsàn ńlá ló gbé àwọn òbí yẹn lọ ra oògùn. Eyín ni. Ọmọ ń sunkún, wọ́n fẹ́ kó dákẹ́. Ohun tí àwa náà ń wá nìyẹn.

Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ní Jos, ní ọdún 1990, irú kẹ́míkà yìí nínú sírọ́ọ̀pù paracetamol pa ọmọ 47. Ní ọdún 2022, ní Gambia, nǹkan bí ọmọ 70 kú lẹ́yìn sírọ́ọ̀pù ikọ́ tó wá láti Íńdíà. Ìlú Ọba pàápàá, fún ọ̀pọ̀ ọdún, páúdà eyín tó ní mercury ni wọ́n ń fún ọmọ níbẹ̀. Ó ń sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ di pupa, ó ń pa òmíràn. Ọdún 1954 ni wọ́n tó yọ mercury kúrò nínú rẹ̀.

Ẹnìkan máa sọ pé, "Ṣùgbọ́n admin, ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fún un, á sùn." Bẹ́ẹ̀ ni, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní oògùn oorun nínú. Kò wo eyín, ọmọ ló kùn. Ẹ̀yin tó ń fún ọmọ ní Phenergan kó lè sùn kí ẹ rí ọjà tà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ mu ún, ó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Jẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹnu kú, tó ní benzocaine, kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì náà.

Bí ìrora bá pọ̀ lóòótọ́, paracetamol ọmọdé lè ràn án lọ́wọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ rà á nílé oògùn tó ní apòògùn, kì í ṣe lórí agbọ̀n tàbí nínú mọ́tò. Kí wọ́n fi ìwúwo ọmọ ṣírò iye tó máa mu. Ẹ ṣọ́ra: èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu lè ní mílígíráàmù 100 nínú mílì kan ṣoṣo, nígbà tí sírọ́ọ̀pù sábà máa ń ní 120 tàbí 125 nínú mílì márùn-ún. Ẹni tó bá fi síbí sírọ́ọ̀pù wọn èyí tí wọ́n ń kán, ìlọ́po mẹ́rin ló fún ọmọ yẹn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ sì tọ́jú páálí àti ìgò rẹ̀, torí dókítà máa bèèrè.

Ìgbà wo ni kí ẹ pa ìsọ̀ dé kí ẹ lọ sílé ìwòsàn? Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38 lórí tẹmómítà, bó bá ṣu gbuuru léraléra, bó bá ń bì gbogbo ohun tó mu, bí gìrì bá mú un, bí kò bá lè mumi tàbí mu ọmú, bó bá rẹ̀ ẹ́ tí kò ta pútú, tàbí bó bá lo wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ tí ìlédìí rẹ̀ gbẹ. Lójú ọ̀nà, ẹ máa fún un ní omi ORS lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ń ṣu. Barau Dikko wà, Yusuf Dantsoho wà ní Tudun Wada, Gwamna Awan wà fún ẹ̀yin ará Kakuri. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ibà wò. Ẹ má sọ fún nọ́ọ̀sì pé "eyín ni". Ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹnìkan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń tọ́ ọ. Ìsọ̀ méjì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ pín in ṣe. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ò yá láàárọ̀, kó bá ẹnìkejì gbé ọmọ fún wákàtí kan, kí tiẹ̀ náà kàn lọ́sàn-án. Ẹ̀yin ọkọ, bí ẹ bá ti ti ìsọ̀, ẹ gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá tó ti rẹ̀ dórí ló ń sáré ra oògùn oorun. Bí a bá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan, kò ní ronú kan ìgò.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní Sabon Tasha àti Kawo tí kò sí lórí gúrúùpù. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi fóìsì, màá bá a bèèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà níbí. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ.