Ẹranko kékeré tí ń kọ́ni nípa ọjọ́ ogbó

Ìyá àgbà kan lọ sí ọjà tí ó ti ń ná láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó ń bọ̀, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó wo ọmọ bíbí inú rẹ̀, ó sì bi í pé ọmọ ta ni. Irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agbolé. Àwọn kan a ní ọjọ́ ogbó ni. Àwọn mìíràn a ní àwọn ọ̀tá ló ń ṣe é. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn kan a ní ìyá náà gan-an ni àjẹ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú orí arúgbó? Lára àwọn tí ń ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti rí ìdáhùn ni ẹranko kan tí kò tóbi ju eku kékeré lọ.

Àwọn Faransé ń pe ẹranko yìí ní microcèbe. Ìbátan ọ̀bọ ni. Kò wúwo ju ẹyin adìẹ méjì lọ. Ojú rẹ̀ tóbi, ó sì rí roboto, nítorí pé òru ni ó máa ń jẹ̀. Ó ní ìka ọwọ́ bíi ti ènìyàn, ó sì ń fi í di ẹ̀ka igi mú. Erékùṣù Madagásíkà, tí ó wà nínú òkun ní apá ìlà-oòrùn Áfríkà, nìkan ni a ti ń rí i nínú igbó. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 50 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń sìn ín ní ìlú Brunoy, nítòsí Paris, ní ilẹ̀ Faransé.

Ìdí tí wọ́n fi yàn án

Ènìyàn lè gbé 70 tàbí 80 ọdún láyé. Onímọ̀ tí ó bá fẹ́ máa wo ọmọ tuntun títí tí yóò fi di arúgbó yóò ti kú kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí. Eku kì í pẹ́ darúgbó: ọdún 2 tàbí 3 ti tó. Ṣùgbọ́n ara eku jìnnà sí ara ènìyàn. Àwọn ọ̀bọ ńlá súnmọ́ wa, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé ju 25 ọdún lọ.

Àárín àwọn méjèèjì ni microcèbe wà. Ó bá ènìyàn tan ju eku lọ, kì í sì í pẹ́ darúgbó bí ọ̀bọ ńlá. Bí ó bá ti lé ní ọdún 5 tàbí 6, irun rẹ̀ a máa funfun. Ojú rẹ̀ a máa bàìbàì. Bí ó ṣe ń fò láti orí igi kan sí èkejì tẹ́lẹ̀, kò ní lè fò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun tí wọ́n rí nípa oúnjẹ

Àwọn onímọ̀ ní Brunoy pín àwọn microcèbe kan sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún àwọn ti àkọ́kọ́ ní oúnjẹ wọn ní kíkún. Wọ́n dín oúnjẹ àwọn ti èkejì kù: bí àwọn ti àkọ́kọ́ bá jẹ ìwọ̀n 100, ìwọ̀n 70 ni àwọn wọ̀nyí ń jẹ. Wọ́n ń wò wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 2018, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Nínú àwọn tí ń jẹ ní kíkún, ìdajì ti kú kí wọ́n tó pé ọdún 6 àti ààbọ̀. Nínú àwọn tí oúnjẹ wọn dín kù, ó ju ọdún 9 lọ kí ìdajì wọn tó kú. Ara wọn le, àìsàn ogbó kò sì tètè mú wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn, wọ́n rí i pé apá kan nínú ọpọlọ àwọn tí kò jẹun púpọ̀ ń yára dín kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrántí wọn kò bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ebi pa ara rẹ̀ torí pé ó fẹ́ pẹ́ láyé. Oúnjẹ àwọn ẹranko náà kéré, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ara ń fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ebi kọ́ ni.

Ìgbàgbé àwọn arúgbó

Àwọn onímọ̀ tún rí ohun mìíràn. Bí microcèbe bá ti darúgbó, díẹ̀ nínú wọn a máa gbàgbé ohun tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Ọpọlọ wọn a súnkì. Ìdọ̀tí kan a sì máa kó jọ sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn dókítà ń rí nínú ọpọlọ àwọn ènìyàn tí àìsàn Alzheimer ń ṣe.

Microcèbe kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò ní orogún, kò sì ní ọ̀tá ní agbolé. Síbẹ̀ ìgbàgbé ń mú un. Inú ara ni àìsàn náà ti ń wá.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fara mọ́ irú ìwádìí yìí. Àwọn kan ní kò tọ́ láti fi ẹranko tí ó bá wa tan sínú àhámọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2010 sọ pé a kò gbọdọ̀ lo ìbátan ọ̀bọ fún ìwádìí bí ẹranko mìíràn bá lè ṣe iṣẹ́ náà.

Títí di ìsinsìnyí, kò sí oògùn tí ń wo Alzheimer sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àìsàn mìíràn tí ó ní ìwòsàn ni ó ń fa ìgbàgbé. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan lọ́nà tí kò ṣe tẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú un lọ. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó máa dá jáde. Bí ó bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí a fi sùúrù dá a lóhùn. Aláìsàn ni, kì í ṣe àjẹ́.