WINDOWS TUNTUN DÉ, CHROME GAN PA! Bọ́tìnì mẹ́rin ló ń jí i

Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ wá gba ohun tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni tuntun ọ̀hún máa fojú àtijọ́ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn oní-kọ̀ǹpútà kan lọ́dún 2018 nìyẹn.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún náà ni iléeṣẹ́ Microsoft, l'Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, bẹ̀rẹ̀ sí í pín Windows 10 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Windows yìí ni lánlọ́ọ̀dù nínú kọ̀ǹpútà. Chrome, tí iléeṣẹ́ Google ṣe, tí àwọn èèyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ayálégbé lásán ni lọ́dọ̀ ẹ̀. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí lánlọ́ọ̀dù bá ń tún ilé ṣe? Ilẹ̀kùn tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́ lánàá, lónìí ó ti há.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹlòmíì á ṣí Chrome, kò ní í pẹ́, gbogbo ojú ẹ̀rọ á gan. Ọfà ò mira, bọ́tìnì ò gbọ́. Ẹni tó bá fìbínú pa á lójijì, iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ bá a lọ nìyẹn.

Microsoft fúnra wọn jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni, pé àwọn ẹ̀rọ kan ń gan bí wọ́n bá ń lo Chrome, tàbí bí wọ́n bá pe Cortana, ìránṣẹ́ inú ẹ̀rọ tó máa ń gbọ́ ohùn èèyàn nígbà yẹn. Wọ́n ní kí àtúnṣe tó dé, kéèyàn máa fi ọgbọ́n jí i. Bọ́tìnì mẹ́rin ni wọ́n ní kéèyàn tẹ̀ pọ̀: èyí tó ní àmì fèrèsé, Ctrl, Shift àti lẹ́tà B. Èyí tó dà bíi síléètì, tí kò ní bọ́tìnì ìtẹ̀wé, kéèyàn tẹ èyí tó ń gbóhùn sókè àtèyí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Alágbèéká ńkọ́? Ẹ dé e, kẹ́ ẹ tún ṣí i. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀rọ olówó gọbọi, wọ́n ní ká dé e bí ìkòkò ọbẹ̀.

Bọ́tìnì mẹ́rin yẹn kì í pa iṣẹ́ rẹ́ o. Ohun tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ ló ń jí. Ojú ẹ̀rọ á ṣú fìrí, á sì dún pìì. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún, àtúnṣe tòótọ́ jáde, KB4103721 ni nọ́ńbà ẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró, ọjọ́ 10 ni wọ́n fún un láti fi dá Windows àtijọ́ padà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tọ́mọ yín ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà, ẹ̀yin tẹ́lọ̀ tó ń wo sítáì lórí ẹ̀, bírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ yín bá gba àtúnṣe, ẹ má tíì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá àtúnṣe mìíràn ti tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Ó sábà máa ń tẹ̀ lé e.

Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí: àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba èèyàn tí ẹ̀rọ bá gan. Wọ́n á ṣe ojúewé kan tó máa dá Chrome dúró gbagidi, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìsàn ti wọ ẹ̀rọ yín, pé Microsoft ní kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà báyìí-báyìí. Irọ́ ńlá! Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ tó bá yọ lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá pè é, owó ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, orúkọ gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ á yọ síta. Ẹ mú Chrome níbẹ̀, kẹ́ ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá tún ṣí i, tó bá ń bi yín bóyá kóun dá ojúewé tẹ́lẹ̀ padà, ẹ ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.