Ṣé O Mọ̀? Ojú Ọjọ́ Ló Ń Darí Ẹja Odò Ògbẹ̀sẹ̀

• Nígbà òjò, tí odò Ògbẹ̀sẹ̀ bá kún ya bo etí rẹ̀ ní agbègbè Ìsẹ̀-Èkìtì, àrọ̀ á jáde lóru lọ yé ẹyin sínú koríko tí omi bò.

• Láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, òjò á dáwọ́, omi á fà, á sì mọ́. Ẹja á kúrò létí odò, á kó jọ sínú ibú. Ìwọ̀ àti àwọ̀n ń mú ẹja dáadáa lásìkò yìí.

• Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni epìyà fẹ́, bíi ìwọ̀n 26 sí 30 °C. Bí ọyẹ́ bá mú kí omi tutù, jíjẹun rẹ̀ á dín kù. Nítorí náà, dúró kí oòrùn mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí o tó ju ìwọ̀.

• Bí omi bá gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, àrọ̀ lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀, nítorí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi.

Ẹ̀yin apẹja, ẹ má da oògùn apakòkòrò Gamalín sódò. Ó ń pa ọmọ ẹja, ó sì ń ṣe ẹni tó jẹ ẹja náà ní jàǹbá.